Ẹ̀rọ kékeré wo la lè fi yẹ májèlé inú oúnjẹ wò, kí wọ́n tó pe opó ní apààyàn?

NọọsìYàgbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, kò ṣeé sọ ní ṣókí.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ibùdó ìlera abúlé kan lẹ́yìn Ìsánlú. Yàrá mẹ́ta la ní, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, àti tábìlì tí a fi ń yẹ ibà wò. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí odò wa gbẹ tó jẹ́ pé kòtò la ń gbẹ́ kí a tó rí omi bù, ọkọ àbúrò ìyá mi kú láàárín ọ̀sán kan. Ó ti oko dé, ó jẹ ọkà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ń bì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè, gìrì wá mú un. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí lọ sílé ìwòsàn. Kò dé ibẹ̀. Ọmọ wọn méjì tó jẹ nínú ọkà kan náà bì títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wọ́n.

Àǹtí mi kò tíì jẹ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, òun ló máa ń jẹun kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi yìn ín ni wọ́n sọ di ẹ̀rí: "Kí ló dé tí ìwọ kò jẹ ẹ́?"

Mi ò ní ka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n ní kó mu omi tí wọ́n fi wẹ òkú kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí n tó dé láti ibi iṣẹ́, ó ti mu ún. Wọ́n ti fọ ìkòkò. Wọ́n ti da ọkà tó kù sínú ihò, wọ́n ti bu erùpẹ̀ bo ibi tí olóògbé bì sí. Kò sí nǹkan kan tí mo lè gbé lọ fún ẹnikẹ́ni. Títí di òní, àwọn kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ kì í gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo rò. Ẹ̀gẹ́ tó korò ni wọ́n fi ṣe láfún náà, omi sì wọ́n débi pé wọn ò rẹ ẹ́ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó sá a. Ṣùgbọ́n èrò ọmọ ẹ̀gbọ́n opó, ta ni yóò gbà á?

Mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò tóbi ju fóònù lọ, tí wọ́n fi ń yẹ májèlé ewéko wò níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé irú ibùdó tiwa lè ní in? Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, kí ni kí n kọ́kọ́ mú?

Kẹ́mísìrìKábà

Ẹ kú ara fẹ́ra kù, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ọmọ Kábà ni mí, ilé àyẹ̀wò kẹ́mísìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Zaria láti ọdún mọ́kànlá.

Mi ò lè jókòó sí Zaria kí n máa pe orúkọ ohun tó pa èèyàn ní Yàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ náà, sáyánáìdì, májèlé tó ń pani kíákíá, ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ni linamarin, tí sáyánáìdì so mọ́ ṣúgà nínú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà lọ́tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kan náà tó lè tú u, linamarase ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ògiri ló là wọ́n láàárín. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tí a rẹ ẹ́ títí ó fi rà, ògiri yẹn á wó, àwọn méjèèjì á pàdé, sáyánáìdì á sì jáde. Kò ju 26°C lọ tó fi ń hó, ìdí nìyẹn tí oòrùn àti agbada gàrí fi ń lé e lọ. Láfún tí kò rà kí wọ́n tó gé e sá, ògiri rẹ̀ kò tíì wó tán. Linamarin á gbẹ sínú ìyẹ̀fun náà, á sì dúró síbẹ̀ de ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní agbègbè Kasese ní Uganda, wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ se oúnjẹ níbi ìsìnkú kan. Èèyàn 98 ló kó àìsàn náà, méjì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ìyẹ̀fun wò, nǹkan bí 88 mílígíráàmù sáyánáìdì ló wà nínú kílò kan. Òṣùnwọ̀n tí àgbáyé fọwọ́ sí kò ju 10 lọ.

Ẹ̀rọ tó máa wúlò jù fún yín kò ní bátìrì rárá. Bébà ni. Howard Bradbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australian National University ló ṣètò rẹ̀ fún irú abúlé tiwa. Ẹ ó wọn ìyẹ̀fun 100 mílígíráàmù, kò tó ohun tó kún orí ṣíbí tíì, sínú ìgò kékeré oníderí, sórí bébà róbótó tí wọ́n ti fi ẹ́ńsáìmù sí. Ẹ ó kán omi díẹ̀ sí i. Ẹ ó fi bébà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ti rẹ sínú picrate kọ́ sókè nínú ìgò náà, kó má kan omi, ẹ ó sì dé e pinpin di ọjọ́ kejì. Bí sáyánáìdì bá ń jáde, àwọ̀ ìyeyè yẹn á máa pọ́n lọ títí tí yóò fi dà bí àwọ̀ obì. Káàdì àwọ̀ kan wà tó lọ láti 0 dé 800 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ẹ ó gbé bébà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó ka iye. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po picric acid, tí wọ́n fi ń ṣe picrate yẹn, fúnra rẹ̀ o. Tó bá gbẹ, ó lè bú gbàù. Bébà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tó dà bí fóònù, òótọ́ ni, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n dáhùn.

Ẹ mú ricin, májèlé inú kóró làrà. Bébà kan wà fún un tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò: ẹ ó kán omi sáńpù sí i, ìlà á yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Georgi Markov, òǹkọ̀wé ọmọ Bulgaria, ní London ní 1978, ọta kékeré bíńtín ni wọ́n rí nínú itan rẹ̀. Wọn ò rí ricin fúnra rẹ̀ mú. Wọ́n ro ó síwá sẹ́yìn, wọ́n sì gún ẹlẹ́dẹ̀ kan ní ricin láti fi wé àìsàn rẹ̀, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé. Ìlà kan lórí bébà ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ yẹn báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè sáyánáìdì lọ́wọ́ bébà ricin, kò ní fèsì.

Òmíràn dà bí ẹ̀rọ tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń wọn ṣúgà, ó ń fi iná mànàmáná kékeré wádìí. Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù tí iṣan ara wa ń lò sí orí rẹ̀. Ohun tó bá dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́, iye orí ẹ̀rọ á lọ sílẹ̀. Ẹ̀wà esere ti Calabar máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí physostigmine, májèlé inú rẹ̀. Ọ̀tapíápíá náà máa ń dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà á sọ fún yín pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò ní sọ èwo. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi oògùn kòkòrò sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má jẹ ẹ́, ìyàtọ̀ yẹn lè gba ẹ̀mí èèyàn là tàbí kó rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ìkẹta ni èyí tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè lórí fóònù, tó dà bí ìbọn, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sí nǹkan tó sì ń ka ìmọ́lẹ̀ tó tàn padà. Raman ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ Íńdíà tó ṣàwárí ìlànà náà ní 1928. Bí ìyẹ̀fun oògùn olóró bá wà nínú ọ̀rá, ó lè dá a mọ̀ láìtú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n májèlé díẹ̀ nínú ọbẹ̀ elépo? Epo àti ata á tàn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń fi fàdákà tàbí wúrà lílọ̀ tó kúnná gan-an gbé ìmọ́lẹ̀ májèlé náà sókè kí ó lè hàn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tí mo lè gbé lé ọwọ́ nọ́ọ̀sì abúlé pé kó máa fi ṣiṣẹ́.

Gbogbo wọn, atọ́ka ni wọ́n. Ẹ̀rọ ńlá ilé àyẹ̀wò, tó ń ya ohun inú sáńpù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó dúró.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín léèrè: láfún ọjọ́ yẹn, ṣé ó tán pátápátá? Èyí tí wọ́n rò kọ́ ni mò ń béèrè. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni.

NọọsìYàgbà

Ẹ̀gbọ́n, mo dìde dúró nígbà tí mo ka ìlà yín tó kẹ́yìn. Mi ò ronú kan ìyẹ̀fun rí. Ìkòkò àti èébì nìkan ni mo ń sunkún lé lórí. Mo ti pe àǹtí mi. Ó ní àpò kan wà lórí àjà ilé ìdáná, òun so ó, òun ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó fẹ́ dà á nù nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e.

Ọlọ́pàáFẹ̀yìntìMọ̀pà

Ọmọ mi, má fọwọ́ kan àpò yẹn. Gbọ́ tèmi ná.

Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìwádìí. Mo ti rí ẹjọ́ májèlé tó fọ́ yángá nítorí pé ẹnì kan gbé sáńpù sínú ìgò ọtí tí kò fọ̀. Ohun tí agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó mú sáńpù náà, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Bí ìwọ nìkan bá gun àjà lọ mú un wá, wọ́n á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n opó ló lọ po ohun tó fẹ́ kí wọ́n rí.

Nítorí náà, pe olórí ẹbí ọkọ. Pe ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án jù. Kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ àpò náà kalẹ̀. Bu ìyẹ̀fun láti òkè, láti àárín, láti ìsàlẹ̀ àpò, sínú ìgò mẹ́ta tó mọ́ tó sì gbẹ. Kọ ọjọ́, aago, ibi, àti orúkọ ẹni tó bù ú sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ bébà kọjá ẹnu ìdérí, kí ẹni méjì ó kéré tán fọwọ́ sí i lọ́nà tí ìdérí kò fi ní ṣeé ṣí láìya ìfọwọ́sí. Ìgò kan lọ sí ilé àyẹ̀wò, ìkan dúró lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ, ìkan lọ́dọ̀ rẹ.

Bó bá jẹ́ pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ni, ìtọ́jú rẹ̀ ló ṣáájú ohun gbogbo. Lẹ́yìn ìyẹn, gba èébì rẹ̀, gba ọkà àti ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kún ìgò dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè, nítorí irú májèlé tí ọmọ Kábà yìí ń sọ lè fò lọ. Yìnyín ni kó o fi tì í. Má gbé e sínú fíríìjì abẹ́rẹ́ ọmọdé láé. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìgò ẹ̀jẹ̀ olórí eérú tó ní fluoride ni àwọn dókítà wa máa ń béèrè.

Ilé ẹjọ́ ń gba ìwé ẹ̀rí tí oníkẹ́mísìrì ìjọba fọwọ́ sí, ó wà nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Mi ò tíì rí ilé ẹjọ́ tó fi àwọ̀ orí bébà nìkan dájọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ rí i.

Omi òkú tí wọ́n fún àǹtí rẹ mu dùn mí dé egungun. Ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù dárúkọ èèpo igi ọbọ̀ àti ẹ̀wà esere ní tààrà, ó ní kò bófin mu kí a máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Òfin VAPP ti 2015, tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, náà sì lòdì sí fífi ìyà jẹ opó lórúkọ àṣà. Obìnrin tó bá kú lẹ́yìn irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Èyí tó bá yè, wọn ò ní tọrọ àforíjì.

ÌyáEléwéAyétòròGbẹ̀dẹ̀

Òkun o, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni ni.

Ewé ni mo ń tà, òun ni ìyá mi náà tà. Mo ní kí ọmọ mi kékeré bá mi tẹ èyí. Láfún, ọjọ́ mẹ́ta ni a ń rẹ ẹ́, kó rà débi pé ìka ọwọ́ á wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí a ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá wọ́n, gàrí ni kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tó korò ṣe. Ìyá mi kò ní gbà kí a sá èyí tí kò rà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí ń bà mí lẹ́rù. Apikán wà ní ìsọ̀ mi, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zakami. Ó lè sọ èèyàn di wèrè fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ń fi èéfín ewé rẹ̀ wo ikọ́ fée. Bí bàbá kan bá ti ń fa èéfín apikán láti ọdún mẹ́wàá, tó wá kú lójú orun, tí ẹ̀rọ yín sì rí apikán lára rẹ̀, ta ni wọ́n á mú? Ìyàwó rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyàwó, èmi tí mo tà á. Ẹ máa ronú sí i.

Kẹ́mísìrìKábà

Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín yìí ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gbọ́. "Ó wà níbẹ̀" àti "òun ló pa á" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Iye tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì, bó ṣe dé ara ṣe pàtàkì, ohun tí olóògbé ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹni tó ń mú sáńpù béèrè gbogbo àgbo àti oògùn tí olóògbé ń lò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu ẹbí tó kó ara wọn jọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un tó máa ń ṣi àwọn oníṣẹ́ ìlera lọ́nà. Atropine wà nínú apikán. Atropine kan náà ni wọ́n ń gún fún ẹni tó mu ọ̀tapíápíá nílé ìwòsàn. Bí aláìsàn náà bá kú tí wọn ò kọ abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ á rí atropine nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa wá ẹni tó fún un ní apikán jẹ.

Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá ló máa ń gbé e wọ oúnjẹ nígbà gbogbo pẹ̀lú. Ní 2019, ní Karamoja ní Uganda, kóró apikán bá irúgbìn mìíràn wọ inú oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n pín fún àwọn aláìní. Èèyàn tó lé ní 200 ló ṣàìsàn, àwọn márùn-ún sì kú. Kò sí ẹni tó fẹ́ pa wọ́n. Inú oko ni kóró náà ti dara pọ̀.

Nọ́ọ̀sì, bébà tí ẹ́ńsáìmù wà lára rẹ̀ kò fẹ́ràn ooru. Bí ẹ bá rí i gbà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, kì í ṣe orí pánù. Fún àwọn tó bá ní láfún tí wọ́n ń ṣiyèméjì lé lórí nílé, ìlànà Bradbury kan wà tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n fi omi po ìyẹ̀fun náà kó rọ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lábẹ́ ibòji, tàbí méjì nínú oòrùn, kí wọ́n tó rò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á jí, sáyánáìdì á sì fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àpò orí àjà yẹn, kí omi má kàn án rárá. Bó ṣe gbẹ ni mo fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ mi.

NọọsìYàgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà mi.

A sọ àpò náà kalẹ̀ lánàá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Olórí ẹbí wá, pásítọ̀ wa wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ àǹtí mi náà wá. Òun ló gbé omi òkú fún un lọ́jọ́ náà. Ó kọ́kọ́ ní òun ò ní wọ ilé ìdáná yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ májèlé ni àǹtí mi fi sí i, ẹ̀yin náà ni yóò gbè."

Ìyẹ̀fun náà kò ju kóńgò kan àti ààbọ̀ lọ. Èkúté ti jẹ igun àpò kan, mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo tún kọ ọ́ pé láti oṣù kejì ọdún tó kọjá ni àpò náà ti wà lórí àjà tí ẹnikẹ́ni lè dé, nítorí ẹ̀gbọ́n ọlọ́pàá sọ pé wọ́n máa béèrè, n ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo bù ú láti òkè, láti àárín, láti ìsàlẹ̀. Ìgò mẹ́ta. Àǹtí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sọ̀rọ̀.

Awakọ̀ kan máa gbé ìgò àkọ́kọ́ láti Kábà lọ sí Zaria ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti bẹ àwọn ọ̀gá wa ní ìjọba ìbílẹ̀ fún àpótí kan tí màá máa fi ìgò mímọ́, ìbọ̀wọ́ àti bébà ìlẹ̀mọ́ sí nínú ibùdó wa. Wọn ò tíì fèsì. Mo ti fi owó ara mi ra ìgò méjìlá.

Ẹni méjì ló fọwọ́ sí ẹnu ìgò kejì. Èmi kọ́, olórí ẹbí sì ni ìkan. Nígbà tí ó kù kí ẹnì kejì fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà na ọwọ́, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.